Ojú Ọ̀run, Ṣáàtì Ìgbóná àti Àká Jósẹ́fù

Ẹ̀kọ́ Bíbélì fún àwọn ìdílé
Ibi kíkà: Lúùkù 12:42–56, Jẹ́nẹ́sísì 8:22, Jẹ́nẹ́sísì 41:25–57

  Ẹ̀kọ́ ti ìgbà yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé láàrin wa: ayé tí ó ń gbóná sí i, àti ojú ọjọ́ tí ó ń yí padà. Àwọn ọmọ wa ń kọ́ ọ ní iléèwé ní Torino, ní Padova, ní Brescia àti ní Verona. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2019, Greta Thunberg, ọmọ ilẹ̀ Sweden, wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ ní Piazza Castello ní Torino, ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé ni ó sì mọ orúkọ rẹ̀ ju orúkọ àwọn wòlíì lọ. Bí wọ́n bá mú ọ̀rọ̀ náà wálé, àwọn kan nínú àwa òbí a dá wọn lóhùn pé, "Ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyẹn." Àwọn mìíràn a ní àmì ìgbà ìkẹyìn ni, kí a ṣáà máa gbàdúrà. Àwọn mìíràn a ṣí Bíbélì sí ìlérí tí Ọlọ́run ṣe lẹ́yìn ìkún omi Nóà, wọn a ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọmọ a dákẹ́. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ rẹ̀ kì í ṣe pé ó gbà. Ó ti fi ìmọ̀ sí ọ̀dọ̀ olùkọ́, ó fi ìgbàgbọ́ sí ọ̀dọ̀ òbí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ìjọ kò ní ohun kan láti sọ nípa ayé tí òun yóò gbé. Ìyẹn nìkan tó ìdí tí a fi ní láti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí kejì ni pé ooru ń pa ènìyàn ní àwọn ìlú tí a ń gbé yìí, àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì mọ bí ó ti ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka Lúùkù 12:54–56. Olúwa wa sọ fún àwọn ènìyàn pé bí wọ́n bá rí àwọsánmà láti ìwọ̀-oòrùn, wọ́n a mọ̀ pé òjò ń bọ̀, òjò a sì rọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ láti gúúsù, wọ́n a mọ̀ pé ooru yóò mú, a sì rí bẹ́ẹ̀. Ó wá bá wọn wí pé wọ́n mọ ojú ọ̀run kà, wọn kò mọ àkókò tí wọ́n wà nínú rẹ̀. A máa ń sáré kọjá apá kìíní kí a lè tètè dé ibi ìbáwí. Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Olúwa kò bá wọn wí nítorí pé wọ́n ń wo ojú ọ̀run. Ó gbà pé ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ohun tí Ọlọ́run dá yóò rí òtítọ́ níbẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ ní Ìsẹ́yìn tí ó gbójú sókè wo ojú ọjọ́ kí ó tó gbin àgbàdo, kò sí ẹni tí ó pè é ní aláìgbàgbọ́. Afẹ́fẹ́ gúúsù náà kò sì ṣàjèjì sí wa. Bí ooru bá mú ní ìhín, àwọn ìwé ìròyìn Ítálì a máa pè é ní ooru Áfíríkà, bí ẹni pé àwa ni a dì í wá nínú báàgì. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe Abẹ́òkúta.

Àwọn ará wa ní Padova yóò láyọ̀ láti gbọ́ pé ìlú wọn ní ipa nínú bí a ti ń mọ ìwọ̀n ìgbóná. Galileo kọ́ni ní Yunifásítì Padova láti 1592 títí di 1610, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣe ohun èlò kan tí ó ń fi hàn bóyá afẹ́fẹ́ gbóná tàbí ó tutù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dókítà kan tí ń jẹ́ Santorio Santorio, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni níbẹ̀ ní 1611, fi ìlà ìwọ̀n sí ara irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, ó sì lò ó fún àwọn aláìsàn láti mọ bí ibà wọn ti tó. Tẹmọ́mítà tí a ń fi sí abíyá ọmọ lónìí, ọmọ-ọmọ iṣẹ́ náà ni. Ní 1725, Giovanni Poleni bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìgbóná ìlú Padova sílẹ̀, àwọn ará Torino sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1753. Ó ṣì ku ju àádọ́rin ọdún lọ nígbà náà kí àwọn jagunjagun tó tẹ Ìbàdàn dó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ ọ́ bọ̀.

Ẹni tí ó bá ti sùn ní ọsibítù rí mọ ṣáàtì, ìwé tí a ń kọ ìgbóná ara sí láàárọ̀ àti lálẹ́. Nọ́ọ̀sì kì í gba nọ́ńbà kan ṣoṣo gbọ́. Bí ara aláìsàn bá gbóná ní ọ̀sán kan, ó lè jẹ́ kúbùsù ni, ó lè jẹ́ tíì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán. Ṣùgbọ́n bí ìlà náà bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́, a kì í dúró dìgbà tí gìrì bá mú un kí a tó pe dókítà. Ìdáhùn wa nìyẹn fún arákùnrin tí ó máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nínú oṣù kìíní pé, "Ṣé ayé tí ẹ ní ó ń gbóná nìyí, tí ìka ọwọ́ mi fẹ́ já nítorí òtútù?" Òtútù òwúrọ̀ kan, nọ́ńbà kan ni. Ṣáàtì ni kí a kà. Ṣáàtì gbogbo ayé fi hàn pé ìgbóná ti fi ju dígírì kan lọ lé sí bí ó ti wà láàrin 1850 sí 1900. Ọdún 2024 gbóná ju gbogbo ọdún tí a ti wọ̀n ṣáájú rẹ̀ lọ, ó sì fi dígírì kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ju ìgbà náà. Ẹnìkan lè ní, kí ni dígírì kan àti ààbọ̀? Ara tí ó wà ní 37, tí ó bá di 38 àti ààbọ̀, ẹ̀yin ìyá ọmọ mọ orúkọ tí a ń pè é.

Kí ni ó fa ibà yìí? Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wọlé, ilẹ̀ ń gbóná, ilẹ̀ a sì máa dá ooru náà padà sókè. Àwọn afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń dá díẹ̀ nínú ooru náà dúró, bí kúbùsù ti ń dá ooru ara dúró. Àánú Ọlọ́run ni kúbùsù náà. Láìsí i, òtútù ì bá ti mú kí ayé dì bí yìnyín. John Tyndall fi hàn ní 1859 pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní carbon dioxide wà lára rẹ̀. Ní 1896, Svante Arrhenius ará Sweden ṣírò rẹ̀ pé bí afẹ́fẹ́ yìí bá pọ̀ sí i láti inú èédú tí a ń sun, ayé yóò gbóná. Nítorí náà kì í ṣe ohun tí àwọn olóṣèlú òde òní ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀.

Carbon dioxide yìí ni ó ń jáde bí a bá sun èédú, epo bẹntiróò, dísù àti gáàsì. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó pọ̀ láyé, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 280 ni ó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní 1958, ó ti di nǹkan bí 315. Ó ti kọjá 420 báyìí. Báwo ni a ṣe mọ ti àtijọ́? Yìnyín ilẹ̀ Antarctica ń pa afẹ́fẹ́ ìgbàanì mọ́ sínú rẹ̀ bí ìfófòó kéékèèké. Àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù, tí àwọn ará Ítálì wà lára wọn, gbẹ́ yìnyín náà jìn ju 3,000 mítà lọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ìparí 2004. Wọ́n ka afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sẹ́yìn dé ọdún 800,000, kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí iye náà ti ga tó ti òní. A mọ̀ pé iye ọdún yìí yóò kọ àwọn kan nínú wa lóminú. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró de ẹ̀kọ́ mìíràn. Kódà ẹni tí ó bá ka 2,000 ọdún péré nínú rẹ̀, láti ìgbà Olúwa wa sí ìsinsìnyí, yóò rí ohun kan náà.

Bí ẹnìkan bá sì ní 420 nínú mílíọ̀nù kan kéré jù láti ṣe ohun kan, kí ó wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí màmá ń lò. Mílígíráàmù 5 ni. Nínú ara tí ó wọn 70 kílò, kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí ó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Rárá o, ẹ má dán an wò.

Nísinsìnyí, ẹ bá wa dé ọ̀dọ̀ Jósẹ́fù. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Torino sí Milano ti rí àwọn pápá ìrẹsì ní agbègbè Vercelli àti Novara, tí omi bò wọ́n ní oṣù karùn-ún tí wọ́n ń dán bí dígí. Nínú gbogbo ilẹ̀ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, Ítálì ni ó ń gbin ìrẹsì jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Láti òkè Alps ni púpọ̀ nínú omi náà ti ń ṣàn wá. Ní ìgbà òtútù, yìnyín a bọ́ sórí òkè, a sì dúró síbẹ̀. Bí ìgbà ooru bá dé, tí òjò ṣọ̀wọ́n, yìnyín a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, omi rẹ̀ a wọ inú Dora, a wọ inú Po, a sì dé oko. Àká Jósẹ́fù nìyẹn fún gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí a ń gbé yìí: a kó o pamọ́ ní ìgbà ọ̀pọ̀, a ṣí i ní ìgbà ọ̀wọ́n, kò sì sí Fáráò kan tí ó san owó kíkọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìgbà òtútù bá lọ́wọ́ọ́wọ́ jù, ohun tí ì bá bọ́ bí yìnyín a rọ̀ bí òjò, a sì ṣàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyàn a wá bá àká ní òfìfo.

A fi ojú wa rí i ní 2022. Yìnyín kò tó nǹkan lórí Alps ní ìgbà òtútù tí ó ṣáájú, òjò sì kọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Odò Po fà tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ẹrù kan tí ń jẹ́ Zibello, tí ó ti rì láti 1943, yọ síta ní Gualtieri. Ní ẹnu odò náà, omi iyọ̀ òkun gòkè wọ inú rẹ̀ fún nǹkan bí 30 kìlómítà. Ní ọjọ́ 3 oṣù keje, òkìtì yìnyín ya lulẹ̀ ní òkè Marmolada, ó sì pa ènìyàn 11. Ní ọjọ́ kejì, ìjọba kéde ipò pàjáwìrì nítorí ọ̀dá ní Piemonte, Lombardia, Veneto, Emilia-Romagna àti Friuli-Venezia Giulia. Ọ̀dá ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a kò sọ pé èéfín ni ó dá a sílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ayé tí ó gbóná ń jí nǹkan nínú àká kí ọ̀dá tó dé.

Èyí ni ó mú wa dé Jẹ́nẹ́sísì 8:22, ẹsẹ̀ tí a máa ń fi pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́. Ọlọ́run ṣèlérí níbẹ̀ pé bí ayé bá ṣì wà, ìgbà ìfúnrúgbìn àti ìkórè, òtútù àti ooru, kò ní dáwọ́ dúró. Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Bíbélì yín síwájú sí orí 41 ìwé kan náà. Ìlérí yẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ìyàn ọdún méje sì mú. Ìlérí náà kò yẹ̀, nítorí ìkórè tún padà wá. Síbẹ̀ ẹni tí kò bá rí ọkà rà ní ọdún karùn-ún ì bá ti kú pẹ̀lú ìlérí lọ́wọ́. Jósẹ́fù mọ Ọlọ́run ju ọ̀pọ̀ wa lọ, kò sì sọ fún Fáráò pé kí wọ́n máa gbàdúrà kí wọ́n fi ọkà sílẹ̀. Ó ní kí a kó ìdá kan nínú márùn-ún pamọ́. Ọlọ́run kò sọ tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀rù lè ba Fáráò. Ó sọ tẹ́lẹ̀ kí ènìyàn lè jẹun.

Ní ti ìgbà ìkẹyìn, a kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú Lúùkù 12 tí a ń kà yìí, láti ẹsẹ̀ 42, ìránṣẹ́ tí Olúwa pè ní alábùkún ni èyí tí Olúwa rẹ̀ bá níbi tí ó ti ń fún ará ilé ní oúnjẹ lásìkò. Kì í ṣe èyí tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí ó ń ka àmì.

"Ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyẹn" ńkọ́? Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún méjì sẹ́yìn, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó sun èyí tí ó pọ̀ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ṣáínà ni ó ń sun jù báyìí. Ará Nàìjíríà kan kò dá èéfín tó ìdá díẹ̀ nínú ti ará Ítálì kan. Ṣùgbọ́n omi kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni bóyá ó ní soggiorno. Ní 2022 kan náà tí Po gbẹ, ìkún omi pa ju 600 ènìyàn ní Nàìjíríà, ó sì lé ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná ń gbé omi púpọ̀ sí i, nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún fún dígírì kan, bí ó bá sì fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, kì í fi ṣíbí bù ú. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní World Weather Attribution yẹ òjò ọdún náà wò, wọ́n sì rí i pé ìgbóná ayé ti mú kí irú àkókò òjò bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 80.

Síbẹ̀ kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru òfuurufú. Àwọn tí ó dàgbà ní Ìbàdàn rántí Ògùnpa, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, àti òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Òjò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ti dí ojú odò, ilé sì ti gba ọ̀nà omi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti kọ́lé. Kí á tó san owó ilẹ̀, ẹ béèrè ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá, kí ẹni tí ẹ rán lọ sì lọ wò ó nínú oṣù kẹsàn-án, kì í ṣe nínú oṣù kejì.

A wá dé ibi tí ó kan wa jù, ara wa. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ooru 2003 pa ju 70,000 ènìyàn lọ ní Yúróòpù. Ti 2022 pa ju 60,000 lọ, nǹkan bí 18,000 nínú wọn sì jẹ́ ti Ítálì, iye tí ó pọ̀ ju ti orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn lọ. Bí a bá sọ èyí, a máa ń gbọ́ pé, "Láti ilẹ̀ ooru ni a ti wá, kí ni ooru òyìnbó lè fi wá ṣe?" Ẹ̀yin ará, dúdú ara wa ń gbà wá lọ́wọ́ iná oòrùn tí ń bó àwọ̀. Kò ní ohun kan án ṣe pẹ̀lú ooru tí ó wọ inú ara. Ohun tí ó ń mú ara gba ooru mọ́ra ni àṣà: ara gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ó tó mọ̀ ọ́n, bí ó bá sì kúrò nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti gbàgbé. Ẹni tí ó ti lo ìgbà òtútù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Torino, ara Torino ni ó ń gbé kiri, ohunkóhun tí ì báà wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ilé ìhín náà yàtọ̀. A kọ́ ọ láti dá ooru dúró nínú òtútù. Bí ó bá jẹ́ àjà kẹrin tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, ògiri a máa tu ooru ọ̀sán jáde títí di òru.

Òógùn ni Ọlọ́run fi tu ara lára, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí òógùn jáde ni ó ń tu ara, kí ó gbẹ ni. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Po, afẹ́fẹ́ a máa kún fún ọ̀rinrin, òógùn a máa ṣàn láìgbẹ. Ọkàn a wá máa sáré láti gbé ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ara. Àgbàlagbà kì í tètè mọ̀ pé òǹgbẹ ń gbẹ òun. Oògùn tí ń mú ni tọ̀ ń fa omi kúrò lára, ti ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí ojú ṣú ẹni bí ó bá dìde. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín. Kí ìgbà ooru tó wọlé, ẹ lọ bá dókítà ìdílé kí ó tún ìwọ̀n rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ní àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde ni kí a ṣọ́ jù, nítorí àìtó omi lára lè fa ìrora ńlá fún wọn. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ wá bá wa tọ́jú ọmọ, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ fìlà olówùú yẹn lórí ọmọ nínú oṣù keje.

Ẹni tí ooru ti mú ju agbára lọ a máa sọ ìsọkúsọ, a ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ara rẹ̀ a jó bí iná. Ẹ pe 112. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi rin ín lára, ẹ fi aṣọ tútù sí ọrùn àti abíyá rẹ̀, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Bí kò bá mọ ohun tí ó ń ṣe, ẹ má ṣe da omi sí i lẹ́nu. Ẹ gbàdúrà bí ẹ ti ń tu ú lára, kì í ṣe kí ẹ gbàdúrà tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ kò ní ṣàì wá. Ààwẹ̀ tí a kì í fi mu omi, nínú oṣù kẹjọ, fún ẹni tí ó ń rù ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí tàbí tí ó ń tọ́jú àgbàlagbà láti òwúrọ̀ dé alẹ́, a rò pé kí a tún un wò. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ètò ìlera máa ń kéde ìkìlọ̀ ooru fún ìlú 27 ní ìgbà ooru, Torino, Milano, Brescia, Verona, Venezia àti Bologna wà nínú wọn, láti 0 títí dé 3. 3 ni pupa, ó sì túmọ̀ sí pé ewu wà fún ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá. Ní ọjọ́ pupa, kí aláàárẹ̀, aboyún, àgbà àti ẹni tí ó ń lo oògùn mu omi. Àbá wa fún àwọn àlùfáà wa ni pé kí a gbé ààwẹ̀ gbígbẹ sí oṣù kọkànlá. Ní ìgbà ooru 2025, Piemonte, Lombardia àti Emilia-Romagna fòfin de iṣẹ́ nínú oòrùn láti aago 12:30 sí aago 4 ọ̀sán ní àwọn ọjọ́ tí ewu pọ̀, ní oko àti níbi ilé kíkọ́. Bí ìjọba bá lè dá alágbàṣe sí ní aago yẹn, ìjọ náà lè ṣe é.

Fún ìpàdé ilé ti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ka Jẹ́nẹ́sísì 41 sókè, kí wọ́n sì sọ fún àwọn òbí ohun tí wọ́n kọ́ ní iléèwé, kí òbí má dá wọn lẹ́nu títí wọn yóò fi parí. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹnìkan nínú ìjọ tí ó ń dá gbé, tí wọn yóò máa pè lórí fóònù láàárọ̀ àti lálẹ́ ní ọjọ́ pupa. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a bá òun wo oògùn òun, kí ó kó gbogbo páálí rẹ̀ sínú ọ̀rá kí ó mú un wá lẹ́yìn ìsìn. Àwa nọ́ọ̀sì yóò wà ní yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń kó ìwé orin sí.